Oko Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ní: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ń Wá Owó Ìjọba Fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Ní Àkúrẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ebu gàrí wa lọ́nà Ìgbátòrò. Bàtà funfun ló wọ̀, ó há fáìlì mọ́ abíyá. Ó ṣí fáìlì náà fún mi wò: fọ́tò pélébé mẹ́fà, ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí yunifásítì, ẹ̀dà NIN, àti fọ́ọ̀mù kan tó rà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Alágbàká. Mo bi í pé, "Oko rẹ wà níbo?" Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí owó jáde ná, mà."

Ẹ jẹ́ kí owó jáde ná. Mi ò lè ka iye ènìyàn tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Olùkọ́ kan tó fẹ̀yìn tì sọ ọ́ fún mi, kó tó kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sínú ilé adìẹ tó ṣófo gbalaja lónìí. Àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì ń sọ ọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, ó sì dùn mí dọ́kàn. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tí mo ń yan gàrí tà. Mo ti gba ìrànwọ́ ìjọba, mo ti jẹ gbèsè tó bá a wá, mo sì san án tán. Inú ń bí mi pé àwọn ọmọ wa ń ná owó tí wọn ò ní kí wọ́n lè rí owó tí kò tíì jáde. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ ohun tí BVN jẹ́, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àkáǹtì. Mi ò ní padà síbẹ̀.

1. Dídúró de owó kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ́

Ẹni tó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ogún baba ẹni gan-an ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀, ká má tíì sọ ti ìjọba.

Ẹ wo bí àwọn ètò yìí ṣe ń wá tí wọ́n sì ń lọ. Ní 2012, nígbà tí Akínwùmí Adésínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ètò GES gbòde. Wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àgbẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀, àgbẹ̀ á mú nọ́ńbà inú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ajílẹ̀, á sì gba àpò méjì ní ìdajì owó. Ètò tó dáa ni, nítorí kò sí alágbàtà láàárín. Kò pẹ́ tí ìjọba yí padà ní 2015 tó fi wọlẹ̀. Ní November 17 ọdún yẹn náà, Ààrẹ Buhari ṣí ètò Anchor Borrowers ti báńkì àpapọ̀, CBN, tó ń yá àgbẹ̀ lówó, ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 9 lórí 100, wọ́n sì dín in sí 5 nígbà tí kòrónà dé ní 2020. Nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, lábẹ́ gómìnà tuntun tó gba báńkì náà, CBN ní àwọn fẹ́ yọwọ́ nínú irú owó yíyá bẹ́ẹ̀. Ètò ń kọjá lọ. Gbèsè tí ẹ jẹ nínú rẹ̀ kì í bá a kọjá.

Òjò ní tirẹ̀ kì í dúró de ìjọba kankan. Ní agbègbè wa níbí, òjò àgbàdo máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Tó bá di oṣù Kẹjọ, á dá díẹ̀ kó tó tún padà. Àgbàdo tó bá ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò dá, ẹ má retí ọmọ gidi lára rẹ̀. Ajílẹ̀ NPK, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín ni ẹ ó fi í sí i. Ajílẹ̀ urea, ní bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà. Ajílẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ de ìgbà mìíràn.

Ohun tí mo ṣe ní ọdún kan rèé. Wọ́n ní ajílẹ̀ ìjọba ń bọ̀. Mo ti ṣán éékà méjì, mo ti kó pàǹtí rẹ̀ jọ, mo ti sun ún. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, mi ò gbìn. Òjò kejì rọ̀, mo ní kí n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Aládùúgbò mi, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀bìrà, kó ìgbẹ́ adìẹ sínú oko tirẹ̀ ó sì gbin àgbàdo lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa parí, ó ti ń ya àgbàdo tútù fún àwọn obìnrin tó ń sè é tà lẹ́bàá títì. Àgbàdo tèmi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nígbà tí sùúrù mi tán nínú oṣù Kẹfà náà, kò tíì ga dé orúnkún. Àpò ajílẹ̀ méjì náà dé ní ìparí oṣù Keje. Mo fi í sí i, òjò sì dá. Nígbà tí mo bó àgbàdo náà, ọmọ orí rẹ̀ jìnnà síra bí ẹnu ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Mo jókòó sí ìdí ọ̀pẹ kan nínú oko yẹn, mo sọkún. Kò sẹ́ni tó tàn mí jẹ. Èmi ni mo gbà pé oko mi kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ìjọba.

Ajílẹ̀ ni owó ìjọba, kì í ṣe irúgbìn. A kì í da ajílẹ̀ sórí ilẹ̀ tí a kò gbin nǹkan sí.

2. Ríra fọ́ọ̀mù

Fọ́ọ̀mù ìjọba kì í ṣe ọjà. Ẹni tó bá tà á fún yín ti jẹ èrè tirẹ̀ tán.

3. Fífi éékà pe hẹ́kítà

Èyí kékeré lójú, ṣùgbọ́n ó ń ba ilé jẹ́. Àwa níbí, éékà la mọ̀. Fọ́ọ̀mù, hẹ́kítà ló ń béèrè. Hẹ́kítà kan ju éékà méjì lọ. Ó jẹ́ 2.47. Tí ẹ bá mọ pulọ́ọ̀tì ilé kíkọ́, ẹsẹ̀ 60 ní ìbú, 120 ní gígùn, mẹ́fà rẹ̀ ló ń di éékà kan, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń di hẹ́kítà.

Bàbá kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn tiwa ní oko éékà márùn-ún. Wọ́n béèrè iye hẹ́kítà, ó ní 5. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ajílẹ̀, irúgbìn àti oògùn oko fún ohun tó lé ní éékà méjìlá ni wọ́n já sí ojúde rẹ̀. Inú bàbá dùn, ó ní Ọlọ́run ti ṣí ilẹ̀kùn fún òun. Àmọ́ owó yíyá ni, ohun gbogbo tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ló ní iye tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Ó lo díẹ̀, ó ta díẹ̀ ní ẹ̀dínwó, ó fún àna rẹ̀ ní díẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i nínú ọ̀gìnnìtìn, mo bá gálọ́ọ̀nù oògùn apagbó mẹ́rin lábẹ́ ibùsùn tí òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ń sùn lé. Ọ̀kan nínú wọn ti ń jò. Ọjọ́ yẹn ni mo pè ọmọ rẹ̀ ní Oǹdó kó wá kó wọn kúrò. Gbèsè hẹ́kítà márùn-ún ni bàbá náà ń san lórí irè éékà márùn-ún.

Ẹ rin ààlà oko yín yíká pẹ̀lú fóònù. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn fóònù òde òní ló lè wọn ilẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n lò, ọmọ tó wà ní ìwé mẹ́wàá lè ṣe é fún yín. Tí wọ́n bá rán òṣìṣẹ́ wá yẹ oko wò, ẹ bá a rìn, ẹ wo ohun tó kọ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

4. Ẹgbẹ́ ọ̀sán kan òru kan

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi pọ̀ sí nìyí, ẹ fara dà á fún mi.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ètò ló ń sọ pé kí àgbẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́. Òfin alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ wa ní ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́wàá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó yé. Báńkì kò lè máa wọ igbó tọ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ní éékà kan àbọ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó mọ ọmọ ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù ṣe onídùúró fún ẹnì kejì rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá yẹn, àwa ti ní i tipẹ́. Àáró ni. Tí mo bá wá bá ẹ kọ ebè lónìí, wà á wá bá mi kọ tèmi lọ́la, ẹni tí kò bá wá kò ní í rí ẹni kankan lóko tirẹ̀. Èsúsú ni. Ẹni tó gba tirẹ̀ tí kò dá tẹlòmíràn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ìtìjú àti ìmọ̀ra-ẹni ló ń mú un ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìwé.

Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé ìròyìn owó á dé ní ọjọ́ Ajé, ẹgbẹ́ á sì ti dá sílẹ̀ kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú. Wọ́n á kó orúkọ onídìrí, ọlọ́kadà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìjọ. Wọ́n á fi ẹni tó mọ olóṣèlú ṣe alága. Wọ́n á sọ ẹgbẹ́ náà ní orúkọ tó dùn, Ìfẹ́lódùn tàbí Ọlọ́runṣògo. Kò sẹ́ni tó ti rí oko ẹnì kejì rẹ̀ rí.

Mo wà nínú irú rẹ̀. Àwa méjìlá ni. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré la ṣèpàdé, ọ̀rọ̀ nípa iye tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan la sì bá lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Nínú àwa méjìlá, márùn-ún ló ní oko. Mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mo sì kọ ọ́.

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ọkọ̀ ẹrù já sí. Wọ́n ń pe orúkọ, à ń jáde, à ń fọwọ́ sí i, à ń gba ajílẹ̀, irúgbìn àgbàdo àti oògùn. Lẹ́yìn ọgbà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ti dúró láti òwúrọ̀, ọkùnrin inú rẹ̀ ní owó nínú àpò ọ̀rá dúdú. Méje nínú wa kò gbé ẹrù wọn délé. Láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ onímọ́tò, kò gbà ju ìrìn ogún ìṣísẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù mẹ́rin nínú méje náà ti kú.

Mo rí ohun kan lọ́jọ́ kejì tí mi ò lè gbàgbé. Mo lọ sílé ọ̀kan nínú wọn láti lọ bá a wí. Kò sí nílé, ìyá rẹ̀ ló wà. Ìyá náà ti da irúgbìn àgbàdo wa sínú agbada, omi tó fi fọ̀ ọ́ pupa bí omi osùn. Oògùn ni wọ́n fi pa irúgbìn yẹn lára kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀. Ìyá fẹ́ rẹ ẹ́ fún ògì. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é!" Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gbé agbada náà kúrò níwájú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò sọ fún un pé irúgbìn ni. Bóyá òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Nígbà tí àsìkò àtisan owó tó, lẹ́tà dé. Orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí rẹ̀, orúkọ akọ̀wé sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwa márùn-ún tó gbin nǹkan la jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tí a pín gbèsè ènìyàn méjìlá. Ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún náírà ló kàn mí lórí ohun tí mi ò jẹ. Mo ta gàrí fún odidi ọdún kan kí n tó san án tán. Mo ṣì ń pàdé ọ̀kan nínú àwọn tó sá lọ ní Ọjà Ọba. Ó máa ń kí mi, mo máa ń dá a lóhùn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi. Kí ẹ tó kọ orúkọ yín sínú ẹgbẹ́ kankan, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìpàdé hàn yín. Ìwé tí gbogbo ìpàdé inú rẹ̀ jẹ́ láti oṣù tó kọjá, ẹ dá a padà. Ẹ béèrè iye tí ẹgbẹ́ ti fi pamọ́ nínú owó ara wọn. Ẹ béèrè ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀, kí gbogbo yín rìn láti oko dé oko. Ẹni tí kò bá lè mú yín dé oko rẹ̀, kì í ṣe pé ó jẹ́ ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ ṣe onídùúró fún un. Kí ẹ sì béèrè ìbéèrè tó ṣe kókó jù lójú tèmi: tí ẹnì kan bá ṣàìsàn nínú ẹgbẹ́ yìí, ta ló bá a roko?

Ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ báyìí, obìnrin mẹ́rìnlá ni wá. Àáró la fi bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọdún méjì gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìkọ fọ́ọ̀mù kankan. Nígbà tí ètò kan dé tó ní kí ẹgbẹ́ dá apá kan nínú owó, kí wọ́n fi ìyókù kún un, owó tiwa ti wà nílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀sán kan òru kan ṣì ń wá ẹni tó máa yá wọn ní owó tí wọ́n máa fi yá owó.

Ìyókù rèé, mi ò ní fi nọ́ńbà tò wọ́n mọ́.

Àwọn kan ń sọ pé, "Ìjọba ló dúró fún wa, tí a ò bá san án, ìjọba á san án." Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá ni ètò Agricultural Credit Guarantee Scheme, tí òfin 1977 dá sílẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Lóòótọ́ ni ètò náà ń dúró fún ìdá 75 nínú 100 gbèsè tó bá kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí báńkì bá ti ta ohun tí ẹ fi ṣe ìdúró. Ṣùgbọ́n báńkì ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ohun tí ẹ fi dúró ti lọ, gbèsè yín sì wà lọ́rùn yín. Ẹ tún rántí pé láti oṣù Kẹjọ 2020, CBN ti gbà kí báńkì tó yá yín lówó fa owó náà láti inú àkáǹtì mìíràn tó bá wà lábẹ́ BVN yín, kódà kó jẹ́ ní báńkì mìíràn. Owó ilé-ìwé ọmọ lè wà nínú àkáǹtì yẹn.

Láìní ìwé ìnáwó: ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ ohun gbogbo sí i.

Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì tí mo dárúkọ lókè, lọ́nà Ìjù ni ilé adìẹ rẹ̀ wà. Ilé ẹgbẹ̀rún adìẹ ló kọ́ nígbà tó ń dúró de owó. Owó tó jáde kò ju ti irinwó adìẹ lọ, ó ra irinwó ọmọ adìẹ ọjọ́ kan, ẹlẹ́yin. Báńkì ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó padà ní oṣù kẹrin. Ẹni tó bá ti sin adìẹ ẹlẹ́yin rí mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún sí ogún ni adìẹ fi ń jẹun kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù márùn-ún. Nígbà tó yé e, kò tíì ní yé tó èyí tí a lè fi san gbèsè. Olùkọ́ kò ka ìlà yẹn nínú ìwé, ẹni tó kọ ìwé kò sì bi í léèrè irú adìẹ tó fẹ́ sìn. Ní oṣù kẹrin, ó ta àádọ́ta kó lè rí owó san. Ní oṣù karùn-ún, ó ta ọgọ́rùn-ún, àwọn tí orí wọn ti ń pọ́n, tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n yé. Mo bá a níbi tó ti ń ki wọ́n sínú àgò. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò rí nǹkan sọ.

Ẹ kọ àsìkò iṣẹ́ yín sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé owó. Ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ nǹkan bí ọdún kan. Adìẹ ẹlẹ́ran ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹja àrọ̀ ń fẹ́ bí oṣù mẹ́fà. Tí àkókò ìsanwó wọn kò bá bá èyí mu, ẹ ní kí wọ́n yí i padà. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ má gbà á. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti dá owó padà nígbà tó ti dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Bákan náà ni ti ẹ̀rọ. Nígbà kan, wọ́n fún àwa tó ń ṣe gàrí ní abúlé ní ẹ̀rọ tuntun tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ tó dáa, ó ń dán. Mọ́tò iná mànàmáná ló wà nídìí rẹ̀, abúlé wa kò sì ní òpó iná kan. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà lábẹ́ tapólì kí a tó dáwó ra ẹ́ńjìnì dísù sí i. Tí wọ́n bá ti fún yín ní ànfààní láti sọ ohun tí ẹ ń fẹ́, ẹ sọ ọ́ dé ibi tó dé: irú ẹ́ńjìnì, ibi tí omi ti ń wá, ẹni tó lè tún un ṣe ní ìlú yín. Ojú kì í ti ẹni tó ń béèrè.

Àwọn tó ń wá sí ìdí kòkó náà, ẹ dúró ná. Nígbà tí owó kòkó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní 2024, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ní oko kòkó ní Ìdànrè. Mo mọ àwọn tó fi gbogbo owó wọn ra ilẹ̀ nínú igbó ọba. Kò sí ẹbí tó lè ta igbó ọba fún yín, ìjọba ló ni ín, kò sì sí ètò ìrànwọ́ tó máa gba oko tí ẹ ò ní ẹ̀tọ́ sí. Òmíràn tún wà níbẹ̀: òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 ní kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn December 31, 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa múlẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìpagbó yẹn dúró síbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ra kòkó fi ń wá fi fóònù ya ibi tí oko wà. Ẹ lọ mọ ìtàn ilẹ̀ kí ẹ tó san owó rẹ̀.

Fífi nọ́ńbà ọmọ tó wà ní Èkó forúkọ sílẹ̀: ẹ lo nọ́ńbà tiyín, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ìdójútòfò ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́. Láti 1987 ni ètò ìdójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ yìí, NAIC, ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò ti ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó o. Fún àwọn irè oko àti ẹran ọ̀sìn tó wà lábẹ́ ètò náà, ìdajì owó ìdójútòfò ni wọ́n ní kí àgbẹ̀ san, kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ san ìdajì tó kù. Ẹ béèrè ohun tó bo iṣẹ́ tiyín, ẹ ya fọ́tò oko nígbà tó ṣì dára, tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ tàbí àrùn bá sì dé, ẹ fi tó wọn létí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní ohun tó máa fi hàn ju koríko tuntun lọ.

Ẹ tún má fojú di ìpínlẹ̀ wa. Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ Niger Delta, nítorí náà ètò LIFE-ND tí IFAD, àjọ àgbáyé tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, dá sílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì wà fún àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ọmọ tuntun sọ́dọ̀ ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kó lọ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ ní irè oko tó yàn láàyò. Kí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó kọ ìwé. Mo ti rí ẹni tó kọ ìwé ìgbín ránṣẹ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè ìgbín.

Ní ti ọmọkùnrin oníbàtà funfun, mi ò lé e. Mo ní kó fi fáìlì rẹ̀ sórí àpò gàrí, kó tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìn ebu. Mo ní ìdì igi ẹ̀gẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní TME 419, méjì tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, àádọ́ta igi nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Tí a bá gé igi kan sí mẹ́rin, irinwó ìdí ẹ̀gẹ́ nìyẹn, kò tó pulọ́ọ̀tì kan, ṣùgbọ́n ó jẹ́ oko. Mo fi ilẹ̀ hàn án, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń gé e àti bí a ṣe ń rì í sínú ilẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọjú sókè. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó gbin ìdì kan tán kí oòrùn tó wọ̀, ó ní òun á wá gbin èkejì ní Sátidé.

Sátidé ti kọjá. Ó wá, ó mú àbúrò rẹ̀ dání.